Ẹ Má Fo Àwọn Orúkọ Wọ̀nyẹn

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín, mo sì súre fún yín. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni bí ẹ ṣe ń ka Bíbélì. Bí ẹ bá ti dé orí 26 ìwé Númérì, níbi tí orúkọ ti tò lọ rẹrẹ, ẹ ó fò ó. Ẹ ní ọmọ lágbájá tó bí tàmẹ̀dò kò kàn yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ padà síbẹ̀. Ilẹ̀ ni àwọn ọmọ Ísráẹ́lì ń múra láti pín. Wọ́n ka ọkùnrin 601,730, láti ẹni ogún ọdún sókè, Olúwa sì sọ fún Mósè pé bí orúkọ wọ̀nyẹn bá ṣe pọ̀ tó ni kí ìpín ṣe tóbi tó. Àwọn ọmọ Léfì tí kò ní ìpín nínú ilẹ̀, ọ̀tọ̀ ni wọ́n kà wọ́n.

Ẹ̀yà ló tóbi jù. Inú ẹ̀yà ni ìdílé wà, inú ìdílé ni ilé baba wà. Ìwé Jóṣúà orí 7 fi hàn wá kedere. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tó jí nínú ẹrù Jẹ́ríkò, wọ́n kó ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan jáde, Olúwa sì mú Júdà. Wọ́n kó àwọn ìdílé Júdà jáde, ó mú ìdílé Sera. Ilé Sabdi ló kàn, wọ́n sì pe ọkùnrin ilé náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi mú Akani. Kò sí ẹni tó lè sá pamọ́ sáàárín èrò.

Púpọ̀ nínú yín rò pé ìdílé wà fún yíyangàn. Ní Ísráẹ́lì, ẹrù ni kó tó di iyì. Bí ọ̀kan bá tòṣì tó ta ilẹ̀ rẹ̀, ìbátan tó sún mọ́ ọn ni Léfítíkù orí 25 ní kó rà á padà. Bó bá ta ara rẹ̀ fún àlejò, arákùnrin rẹ̀, tàbí arákùnrin baba rẹ̀, tàbí ọmọ arákùnrin baba rẹ̀, lè rà á padà. Ẹ wo Jeremáyà. Ogun Bábílónì ti yí Jerúsálẹ́mù ká, òun fúnra rẹ̀ wà ní àhámọ́ ní àgbàlá ẹ̀ṣọ́, Hanameli ọmọ arákùnrin baba rẹ̀ sì wọlé tọ̀ ọ́ wá: ra oko mi ní Anatoti, ìwọ ló tọ́ sí láti rà á padà. Ta ni í ra oko lójú ogun? Ṣùgbọ́n Olúwa ti sọ fún un ṣáájú. Ó wọn ṣékélì fàdákà 17 lórí òṣùwọ̀n, ó fọwọ́ sí ìwé lójú ẹlẹ́rìí, ó sì ní kí Baruku akọ̀wé rẹ̀ kó ìwé náà sínú ìkòkò amọ̀ kó lè pẹ́.

Ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ ìdílé lé ẹnikẹ́ni síta. Ará Kenisi ni wọ́n pe Kálébù, Jẹ́nẹ́sísì sì ka àwọn Kenisi mọ́ àwọn tó ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀ òun ló ṣojú ẹ̀yà Júdà láàárín amí 12, àárín Júdà náà ni wọ́n ti fún un ní Hébúrónì.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti àwọn ọmọ Selofehadi. Ọkùnrin yìí, ti ẹ̀yà Manase, kú sínú aginjù láìbí ọmọkùnrin. Ọmọbìnrin 5 ló fi sílẹ̀: Mahla, Noa, Hogla, Milka àti Tirsa. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ àjọ, níwájú Mósè, Eleasari àlùfáà àti gbogbo ìjọ, wọ́n ní kí ló dé tí orúkọ baba àwọn yóò fi parẹ́ nínú ìdílé rẹ̀ nítorí pé kò ní ọmọkùnrin? Mósè gbé ẹjọ́ náà tọ Olúwa lọ, ìdáhùn tó gbà ni pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Lẹ́yìn náà àwọn olórí ìdílé wá ráhùn pé bí àwọn ọmọbìnrin náà bá fẹ́ ọkọ lọ sí ẹ̀yà mìíràn, ilẹ̀ yóò bá wọn lọ, ni Mósè bá ní kí wọ́n fẹ́ ọkọ nínú ẹ̀yà baba wọn. Ìdè nìyẹn, n kò ní bò ó mọ́lẹ̀ fún yín. Àmọ́ ilẹ̀ náà di tiwọn.

Ní 1910, àwọn awalẹ̀pìtàn Yunifásítì Harvard rí àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi tàdáwà kọ nǹkan sí nínú ilẹ̀ Samáríà. Àkọsílẹ̀ wáìnì àti òróró tó wọ ìlú ọba ni, láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹjọ ṣáájú ìbí Jésù. Akọ̀wé kọ àgbègbè tí ẹrù ti wá: Abieseri, ìdílé Gídíónì, wà níbẹ̀. Noa àti Hogla náà wà níbẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tó bẹ̀rù pé orúkọ baba wọn yóò parẹ́, orúkọ tiwọn gan-an ló di orúkọ ilẹ̀ tí ẹrù ti ń wá sí ìlú ọba.

Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò pe ẹ̀yin náà síbi tí wọ́n ti ń pín ogún. Bí ẹ bá débẹ̀ tí ẹ kò rí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín obìnrin, ẹ ní kí ìpàdé dúró, kí ẹ ránṣẹ́ pè wọ́n.

Èmi ni, bàbá yín.