Ẹ̀yin Ọmọ Wa, Nọ́ńbà Wa Wà Nínú Fóònù Yín

Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò tíì fẹnu kan nǹkan kan láàárọ̀ ọjọ́ kan tí fóònù mi fi dún, fọ́tò ọmọ ẹ̀gbẹ́ ilé wa ni wọ́n fi ránṣẹ́, wọ́n fi lẹ́tà pupa kọ OLÈ sí i láyà, wọ́n ní ó yáwó kò san. Èmi tí mi ò yáwó lórí áàpù rí, báwo ni wọ́n ṣe rí nọ́ńbà mi? Ọmọ yẹn ló tẹ "Allow" lọ́jọ́ tó fẹ́ yáwó, bí áàpù ṣe kó gbogbo kọ́ńtáàtì ẹ̀ nìyẹn, ti pásítọ̀, ti ọ̀gá ẹ̀ níbi iṣẹ́, ti bàbá ìyàwó ẹ̀ pàápàá. Ìgbà tí mo lọ bá a, ẹ̀yìnkùlé ló jókòó sí, kò lè gbójú sókè wò mí.

Láyé sọ́jà, amí tá a mọ̀ ni ẹni tó máa wá jókòó tì yín níbi tẹ́ ẹ ti ń fọ̀rọ̀ wérọ̀, ẹ ṣì lè fura sí i. Ti ìsìnyí, àwa la ṣílẹ̀kùn fún un. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọbẹ̀.

Ìjọba náà ò tíì fiṣẹ́ yẹn sílẹ̀ o. June 2013 ni Edward Snowden, tó ti bá wọn ṣiṣẹ́, tú àṣírí NSA, àjọ amí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gba àkọsílẹ̀ ìpè àwọn èèyàn lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ fóònù Verizon, ta ni wọ́n pè, ìgbà wo, ó pẹ́ tó báwo. Wọ́n láwọn ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó mọ̀ pé mo pe dókítà jẹjẹrẹ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan, kí ló kù tó tún fẹ́ gbọ́?

Nílé wa níbí, August 2021, NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, ní kí ilé-iṣẹ́ ayánilówó kan san owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà torí irú ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ ẹ̀gbẹ́ ilé wa yẹn, òfin tó ń dáàbò bo dátà wa náà sì ti wà láti 2023. Ó dáa, àmọ́ kí òfin tó débẹ̀ ìtìjú ti kárí àdúgbò.

Ẹ wọ settings yín lónìí, ẹ wo áàpù tó ń wo kọ́ńtáàtì, ẹ wo èyí tó ń lo máìkì. Áàpù tọ́ọ̀ṣì, kí ló fẹ́ fi nọ́ńbà ìyá yín ṣe? Ẹ gba àyè yẹn lọ́wọ́ ẹ̀.

Tówó bá sì há, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa ká jọ sọ ọ́. Ọmọ tí mo sọ yẹn, 15,000 náírà ló yá. Owó yẹn wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà.