Ọmọ tó mu oògùn tó ń hanrun, ẹ má fi sílẹ̀ pé ó ń sùn

Sí Olóòtú,

Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sílé ní Under-G àti ẹ̀yin àgbà gáréèjì. Bí ọmọ kan bá gbé tramadol, oògùn ìrora tó le, mu, tó wá ń hanrun kíkankíkan, ẹ má wí pé "ẹ jẹ́ ó sùn, á dá lójú rẹ̀ láàárọ̀."

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe fẹ̀yìntì. Àwọn tó ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá bá wa nídàájí, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Mọ̀mí, ó ń hanrun dáadáa lálẹ́ àná o." Ìhanrun yẹn gan-an ni wàhálà: ọ̀nà ọ̀fun ti ń dí, èémí ò rọ́nà gbà.

Láyé ìgbà kan, a máa ń mọ ohun tí ọmọ mu. Nísinsìnyí, ẹni tó mu ún gan-an ò mọ̀. Wọ́n á po tramadol, kodíìnì, Refnol (oògùn oorun) àti igbó pọ̀, wọ́n á pè é ní omi gọ́tà. Ìjọba àpapọ̀ fòfin de omi ikọ́ oníkodíìnì ní 2018, àwọn tó ń tajà wá òmíràn. Ní oṣù Kejì 2025, BBC tú àṣírí ilé iṣẹ́ kan ní Íńdíà tó ń da tapentadol pọ̀ mọ́ carisoprodol nínú hóró kan ṣoṣo, tí wọ́n ń kó o wá sí Nàìjíríà àti Gánà. Tapentadol bá tramadol tan, ó sì le jù ú lọ. Carisoprodol ń dẹ iṣan, ó ń kun ni lóorun. Méjèèjì ló ń dín èémí kù. Ní Amẹ́ríkà, xylazine tí dókítà ẹran fi ń kun màlúù àti ẹṣin lóorun ni wọ́n ń pò mọ́ fentanyl, oògùn ìrora tó le ju tramadol lọ fíìfíì.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé abẹ́rẹ́ naloxone, tó ń jí ẹni tí irú tramadol dá dùbúlẹ̀, kò ran Refnol, kò ran carisoprodol. Wọ́n á ṣì fún un, torí ó ń ran apá kan. Ṣùgbọ́n èémí lẹ ó máa ṣọ́.

Ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ fi oríkèé ìka ra á láyà gidigidi. Bí kò bá dáhùn, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí èébì lè rọ́nà jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má rọ epo pupa, ẹ má rọ mílíìkì sí i lẹ́nu. Ẹni tí kò jí kò lè gbé nǹkan mì, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló ń lọ. Bí èémí bá ń jìnnà síra, tí ètè rẹ̀ ń ṣú, ẹ yí i dojú sókè padà, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ di imú rẹ̀, ẹ máa fẹ́ èémí sí i lẹ́nu, kí ẹlòmíràn wá ọkọ̀. Ẹ mú páálí oògùn náà dání lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ̀rù ọlọ́pàá àti ìtìjú ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, tí wọ́n ń sá lọ. Mo bẹ yín, ẹ má sá. Ọmọ ọlọ́mọ ni.

Olóòtú, bí àyè bá wà, ẹ bá mi fi lẹ́tà gàgàrà tẹ ibi tí mo ti sọ ohun tí wọn ó ṣe yẹn, kí àwọn onílé lè gé e lẹ̀ mọ́ ògiri.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì,
Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́.