Lẹ́tà sí àbúrò mi tó fẹ́ lọ fi ọjọ́ mẹ́wàá jókòó jẹ́ẹ́

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

O ní wọ́n ti gbà ọ́ sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ Vipassana, irú àṣàrò kan nínú ẹ̀kọ́ Buddha, ọlọ́jọ́ 10 ní Dhamma Dipa, ibùdó àṣàrò kan lẹ́bàá Hereford, ní England. O wá ń béèrè bóyá kò ní ta ko ìgbàgbọ́ rẹ, bóyá ara lè gba ìjókòó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àti ohun tó yẹ kí o ṣe bí o bá rí ìran. Ti ìran yẹn ló ká mi lára jù, torí òun ni àwa Yorùbá máa ń gbé dání lọ síbẹ̀ láìmọ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí o máa bá níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ S. N. Goenka ni ẹ̀kọ́ náà ti wá, oníṣòwò ọmọ Íńdíà tí wọ́n bí sí Mandalay, ní Burma, ní 1924. Túúlu ló ń bá a jà tó fi lọ bá U Ba Khin ní 1955, òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ ọ̀gá àwọn oníṣirò owó orílẹ̀-èdè náà, tó sì tún ń kọ́ni ní àṣàrò. Baba náà kọ́kọ́ kọ̀ fún un: bó bá jẹ́ torí orí fífọ́ nìkan ló ṣe wá, kó máa lọ. Fi èyí sọ́kàn. Ní 1969 ni Goenka bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní Íńdíà. Ó kú ní 2013, àmọ́ ohùn rẹ̀ tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ló ṣì ń kọ́ni. Àwọn olùkọ́ tí o máa rí níwájú, wọ́n wà níbẹ̀ láti dáhùn ìbéèrè ni. Owó kankan kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá parí ọjọ́ 10 nìkan ni wọ́n ń gba ọrẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn náà, iye tó bá tọkàn rẹ̀ wá.

Aago 4 ìdájí ni agogo máa dún. Láti 4:30 sí 6:30 o ti wà lórí ìjókòó. Ẹ jẹun àárọ̀, ẹ tún jókòó láti aago 8 sí 11. Oúnjẹ ọ̀sán tó tẹ̀ lé e ni oúnjẹ gidi tó kẹ́yìn lójúmọ́, torí tíì àti èso ni wọ́n máa fún ẹ̀yin tuntun ní aago 5 ìrọ̀lẹ́. Kò sí ẹran, kò sí ẹja. Ẹ máa jókòó láti aago 1 sí 5, àti láti 6 sí 7. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ Goenka fún bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15, ìjókòó díẹ̀ sí i, iná sì máa kú ní 9:30. Àpapọ̀ ìjókòó lójúmọ́ lé ní wákàtí 10. Ọkùnrin wà lápá kan, obìnrin wà lápá kejì, kò sí ìwé, kò sí bíírò, kò sí fóònù.

Ìdákẹ́jẹ́ náà kì í sì í ṣe ti ẹnu nìkan. Ẹ ò gbọdọ̀ fojú sọ̀rọ̀, ẹ ò gbọdọ̀ juwọ́ síra yín. Bí o bá pàdé ìyá àgbàlagbà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ ní ìdájí, o ò ní kí i. Fún ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ìkúnlẹ̀ kó tó mọ̀ ọ́n rìn dáadáa, èyí lè nira ju ebi alẹ́ lọ. Kọjá lọ jẹ́ẹ́. Ìyá náà kò ní pè ọ́ ní aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Ó wá ku ti ìgbàgbọ́. Òfin wọn sọ ọ́ láìfi bò: fún ọjọ́ 10 yẹn, kí oníkálukú dá àdúrà, ààwẹ̀, tùràrí, ìlẹ̀kẹ̀ kíkà àti orúkọ mímọ́ pípè dúró. Wọn ò ní kí o kọ ẹ̀sìn rẹ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé bí o bá da ọ̀nà méjì pọ̀, o ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́ àti èyí tó dá wàhálà sílẹ̀. Bí o bá ń pe orúkọ kan mọ́ èémí rẹ, ọkàn máa tètè rọ̀, ó máa dùn mọ́ ọ, iṣẹ́ tí o bá lọ kò sì ní ṣe. Ìwọ tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ìjọ aláṣọ funfun, ronú sí i kí o tó di ẹrù. Bí ẹ̀rí ọkàn rẹ kò bá ní jẹ́ kí o sinmi láìgbàdúrà àárọ̀, má lọ. Bákan náà ni màá sọ fún Mùsùlùmí tí kò lè fi ìrun sílẹ̀. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Èyí tí kò dáa ni kí o dé ibẹ̀ tán kí o wá máa jí àdúrà gbà lábẹ́ ìborùn.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, èémí nìkan ni. Èémí bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ fúnra rẹ̀ ni o, kì í ṣe èyí tí o ń fà. Imú àti ètè òkè ni o máa fi ọkàn sí. Nígbà tó bá yá, wọ́n á ní kí o dín àyè náà kù títí á fi ku ìwọ̀nba ibi tó wà láàárín ihò imú àti ètè òkè. Ihò imú wo ni afẹ́fẹ́ ń gbà báyìí, ọ̀tún ni tàbí òsì? Ṣé ó tutù bó ṣe ń wọlé? Ṣé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bó ṣe ń jáde? Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé èèyàn á sọ èémí di iṣẹ́: á máa fà á gùn, á máa kà á. Kó tó pẹ́, àyà á há, iwájú orí á wúwo, onítọ̀hún á sì ní àṣàrò kò bá òun lára mu. Ọkàn rẹ á sá lọ sí wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn tí o ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, sí owó ilé, sí ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan sọ sí ọ níbi ìgbéyàwó lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Má bá a jà, má sì bú ara rẹ. Bí o bá ti rí i pé ó ti lọ, o ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà, dá a padà. Bí kò bá gbọ́, mí kíkan díẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan kí èémí lè hàn sí ọ, kí o sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí oorun bá ń gbé ọ lọ, omi tútù sójú, tàbí kí o rìn níta fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹrin ni Vipassana gan-an bẹ̀rẹ̀. Láti àtàrí, o máa mú ọkàn rìn káàkiri ara: iwájú orí, ojú, ọrùn, èjìká, apá títí dé orí ìka, àyà, ikùn, ẹ̀yìn, itan, orúnkún, títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ohun tó bá wà lára níbẹ̀ ni kí o mọ̀: ooru, òtútù, ìyún, ìwúwo, ìrora, òógùn, ibi tí aṣọ ti kan ara. Ibi tí o ò bá ti mọ nǹkan kan lára, dúró bí ìṣẹ́jú kan, kí o sì kọjá. Má wá a kiri.

Ibẹ̀ ni ìran máa ń gbà wọlé. Ara kì í ṣe ara lásán lọ́dọ̀ wa, ìwé tí à ń kà ni. Ìpéǹpéjú ń fò, a máa rí ohun tí yóò pa wá lẹ́kún tàbí lẹ́rìn-ín. Àtẹ́lẹwọ́ ń yún wa, owó ń bọ̀. A fẹsẹ̀ kọ, a béèrè bóyá òsì ni. Nǹkan ń rìn lórí ẹni, àtẹ́lẹsẹ̀ ń gbóná, ayé ti ń ṣe é nìyẹn, ẹ pe wòlíì. Nínú ìjọ tí o ti wá, bí ara bá gbọ̀n nígbà àdúrà, iṣẹ́ ni wọ́n rán sí ọ, o sì ní láti jẹ́ ẹ. Gbogbo èyí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ọ ní Dhamma Dipa, á tún pọ̀ sí i. Nǹkan á máa rìn ní àtàrí rẹ láìsí èèrà kankan. Ooru á bo ẹ̀yìn rẹ nínú òtútù. O ti fi ọjọ́ mẹ́ta pọ́n ọkàn lórí àyè tí kò tó orí ìka, o wá gbé e ka gbogbo ara. Kò lè má gbọ́ ohun tí kò gbọ́ tẹ́lẹ̀.

Jẹ́ kí a mú ìyún kan. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, ó kéré tó orí abẹ́rẹ́. Kí o tó mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta ó ti fẹ̀, ó ti gbóná, omi ti ń lé sójú. Ọwọ́ ti fẹ́ gbéra kí o tó mọ̀. Dúró níbẹ̀, kí o wò ó dáadáa, torí ohun méjì ló wà níbẹ̀. Ìyún wà ní imú. Àìfẹ́ ìyún náà wà ní àyà tó ti le, ní eyín tí o ti dì pọ̀. Èkejì yẹn ni o kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó dá dúró. Bí o ò bá fọwọ́ kàn án, ìyún náà á dé góńgó, á fọ́ sí wẹ́wẹ́, á lọ, tàbí á ṣí lọ sí etí. O ò túmọ̀ rẹ̀, o ò lé e, ó sì lọ. Ohun tí wọ́n ń kọ́ yín ní gbogbo ọjọ́ tó kù kò ju ìyẹn lọ, àmọ́ wọ́n á fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n lára, kì í ṣe lẹ́nu.

Nítorí náà, bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ, bí o bá rí ojú bàbá wa tí wọ́n ti lọ, bí o bá gbọ́ orin tí ẹnikẹ́ni kò kọ, má tẹ̀ lé e, má sì sá fún un. Béèrè pé: kí ló ń ṣe ara mi báyìí? Ṣé àyà ń lù kìkì? Ṣé àtẹ́lẹwọ́ ń làágùn? Padà síbẹ̀. N kò sọ pé irọ́ ni ìran. Mo ń sọ pé ẹni tí oorun rẹ̀ dín kù, tí kò jẹun alẹ́, tí kò bá èèyàn sọ̀rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ kan, kò yẹ kó máa tú ìran lórí ìjókòó.

Àwọn tó ń gbé ìrírí inú lárugẹ fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí ohun tí Buddha sọ fún àwọn ará Kālāma, àwọn èèyàn ìlú Kesaputta ní Íńdíà àtijọ́: kí wọ́n má gba nǹkan kìkì nítorí pé ó ti wà látayébáyé, tàbí pé ó wà nínú ìwé mímọ́, tàbí pé olùkọ́ wọn ló sọ ọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń pa ìwé dé sí. Ó kù síbẹ̀ o. Ó ní kí wọ́n wò ó bóyá ohun náà ń fa ìpalára àti ìyà, bóyá àwọn ọlọ́gbọ́n ń bẹnu àtẹ́ lù ú. Pé o mọ nǹkan lára kò sọ ọ́ di òtítọ́. Wọ́n máa fi ìwà rẹ wọ̀n ọ́n, nígbà tí aláìsàn bá tẹ agogo pè ọ́ lẹ́ẹ̀keje lóru.

Ewu kan tún wà tó dùn. Bí ọjọ́ bá ti ń lọ, ara àwọn kan á fúyẹ́ láti orí dé ẹsẹ̀, kò sí ìrora, kò sí ibi tó le. Wọ́n á rò pé àwọn ti dé. Ní ìjókòó tó tẹ̀ lé e, ara á tún le koko bíi ti tẹ́lẹ̀, wọ́n á sì fi ọjọ́ méjì ṣọ̀fọ̀. Àwọn mìíràn kò ní ní i rárá, wọn ò sì pàdánù nǹkan kan.

Ìgbà tí Vipassana bá ti bẹ̀rẹ̀, wákàtí kan lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni wọ́n á ní kí o má la ojú, má ṣí ọwọ́, má ṣí ẹsẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ bí ìdí ṣe ga tó: ó gbọ́dọ̀ ga ju orúnkún lọ. Kó ìrọ̀rí jọ títí á fi tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, bí orúnkún kò bá sì kan ilẹ̀, ká aṣọ sábẹ́ rẹ̀. Ìrora tó ń tàn káàkiri, tó ń lọ kété tí o bá dìde rìn, ṣeé wò. Èyí tó mú ṣáṣá nínú oríkèé orúnkún, tó ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ìrìn, kì í ṣe ẹ̀kọ́. Béèrè àga. Nọ́ọ̀sì ni ọ́, o mọ ìyàtọ̀.

Fọ́ọ̀mù wọn ń béèrè nípa àìsàn ọpọlọ àti oògùn. Má fi nǹkan kan pamọ́, má sì dá oògùn kankan dúró torí ìjókòó. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fẹ́ sá lọ ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹfà, ìyẹn kò bani lẹ́rù. Ṣùgbọ́n bí o ò bá rí oorun sùn rárá fún òru méjì, bí ẹ̀rù kò bá fi ọ́ sílẹ̀, bí ohùn bá ń pàṣẹ fún ọ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ọkàn ló ń mọ́. Olùkọ́ máa ń rí èèyàn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Lọ sọ ọ́, dá ìjókòó dúró, jẹun, rìn. Bí wọ́n bá ní kí o fara dà á tí o sì rí i pé ó ń burú sí i, máa bọ̀ nílé.

Ọjọ́ kẹwàá ni ẹnu máa là, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ́ yín bí a ṣe ń fi ìfẹ́ rere ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀dá. Ariwo á fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ọ lórí. Wákàtí kan láàárọ̀ àti wákàtí kan nírọ̀lẹ́ ni wọ́n ní kí èèyàn máa ṣe nílé. Lójú tèmi, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru kò lè dúró tì í. Ìṣẹ́jú 20 lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé. Má kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, má bá àfẹ́sọ́nà rẹ já, má sì jẹ́rìí ní sọ́ọ̀ṣì.

Mú ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, ìborùn, ṣòkòtò tí kò fún, àti aago kékeré tó lè jí ọ, torí fóònù rẹ á wà lọ́dọ̀ wọn. Fi nọ́ńbà ọ́fíìsì wọn ránṣẹ́ sí mi. Kí o sì pe màmá fúnra rẹ kí o tó lọ, kí o sọ fún wọn pé wọn ò ní gbọ́ ohùn rẹ láti Wẹ́sidé títí di Sunday ọ̀sẹ̀ kejì. Bí o ò bá sọ fún wọn, tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta wọ́n á ti wà lọ́dọ̀ wòlíì, wòlíì á sì ti rí nǹkan.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ