Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn mọ agbo ilé láti ọdún àkọ́kọ́

Olóòtú tí mo bọ̀wọ̀ fún,

Mo ń fi lẹ́tà yìí bẹ àwọn tó ń kọ́ni ní ìṣègùn òyìnbó ní Òṣogbo wa níbí pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ lo ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ tán láì wọ agbo ilé kankan láti ṣiṣẹ́ sin àwọn ará ibẹ̀. Ọdún 6 ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ náà, físíìsì, kẹ́mísírì àti bàólọ́jì ló sì ń gba ọdún àkọ́kọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. N kò kóyán ìwọ̀nyẹn kéré.

Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní ilé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́, ìyá àgbàlagbà kan ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ náà kò wálẹ̀. Gbogbo wa la máa ń bá a wí pé kì í lo oògùn rẹ̀ bó ti yẹ. Ọjọ́ tí mo yà kí i ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá ọkọ rẹ̀ náà jà, pé owó oògùn ẹnì kan ṣoṣo ni agbára wọn ká, àti pé ńṣe ni wọ́n ń pín in lò: bí bàbá bá lò ó lónìí, ìyá a lò ó lọ́la. Kò sí èyí nínú fáìlì rẹ̀. Ó ń dùn mí títí di òní pé a bá a wí tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo ń béèrè kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti dá ètò ìlera Ìbàràpá sílẹ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn sì ń lọ gbé ní Igbó-Ọrà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti jìnnà nínú ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń rán lọ, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ti fi ọdún mélòó kan há orúkọ àrùn sórí, àrùn nìkan ni ojú rẹ̀ á máa wá bó bá wọlé onílé.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ọmọ ọdún 17 tí kò tíì mọ ìtọ́jú lè ṣe. Kò gbọdọ̀ júwe oògùn fún ẹnikẹ́ni, ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n ó lè ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí oògùn fún àgbàlagbà, kí ó sin abiyamọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ ní ilé ìwòsàn alábọ́dé, kí ó sì wò ó bóyá kànga wọn jìnnà tó sí ṣáláńgá. Agbo ilé kan náà ni kí ó máa lọ jálẹ̀ ọdún, kì í ṣe ìrìn ọjọ́ kan tí wọ́n á ya fọ́tò. Níbẹ̀ ni yóò ti gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín “òòyì ń kọ́ mi” àti “ojú mi ń ṣókùnkùn” lẹ́nu ẹni tó ń ṣe, nítorí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa, títí kan àwọn tí a bí síbí, ni kò gbọ́ Yorùbá àìsàn mọ́.

Ẹsẹ̀ mi ṣì ń gbé mi. Bí àwọn olùkọ́ bá ń wá ẹni tí yóò mú àwọn ọmọ náà wọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí yóò sì bá wọn kí àwọn àgbà ibẹ̀, mo ti ṣe tán.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Òkè-Bàálẹ̀, Òṣogbo.