Ẹ jẹ́ ká máa fi fáìlì tí gbogbo èèyàn lè ṣí kọ̀wé

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀rọ̀ kan ló ń dùn mí. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, lóṣù tó kọjá mo fẹ́ ṣí àkọsílẹ̀ ìpàdé tí akọ̀wé àná tẹ̀ lọ́dún 2004, fáìlì yẹn kọ̀ kò ṣí, a gbé e lọ bá àwọn ọmọ tó ń tẹ̀wé ní Tákìé, àmì tí ò nítumọ̀ nìkan ló ń gbé jáde, sọ́fúwià tí wọ́n fi kọ ọ́ ti kógbá sílé. Orúkọ àwọn bàbá tó dáwó ra ilẹ̀ wa ló wà nínú ẹ̀ o! Òmíì nínú wọn ti kú.

Ìdí nìyẹn tínú mi fi dùn sí ODF (OpenDocument Format), irú fáìlì kan tá a lè fi tọ́jú ìwé tá a bá tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Ìlànà bí wọ́n ṣe ń to fáìlì yẹn wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni ló lè kọ sọ́fúwià tó máa ṣí i, kódà tẹ́ ẹ bá tú u bíi fáìlì zip, ìyẹn fáìlì tí wọ́n dì pọ̀, ẹ máa rí ọ̀rọ̀ yín nínú ẹ̀. ISO, àjọ tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún gbogbo ayé, fọwọ́ sí i lọ́dún 2006, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú un lọ́dún 2014, ìpínlẹ̀ Schleswig-Holstein ní Jámánì náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó kọ̀ǹpútà bíi 30,000 lọ sórí LibreOffice, ìyẹn sọ́fúwià ìkọ̀wé tó ń lo ODF, ọ̀fẹ́ sì ni sọ́fúwià náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ fáwọn káńsù àti ilé ìwé wa, pàápàá àwọn tó ń tọ́jú ìwé ilẹ̀. Èmi ti ń tún tiwa tẹ̀ lálaalẹ́.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ kan, Ògbómọ̀ṣọ́