Mùfú, Má Tọwọ́ Bọ Ihò

Ẹ̀pẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó

Mùfú ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Gòǹbè? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara ìyá mi ti yá, wọ́n ní kí n kí ọ.

Mo rí fọ́tò ehoro tí o pa, inú mi dùn. Àmọ́ mo rí ẹsẹ̀ rẹ náà. Sálúbàtà! Wá bàtà róbà tó ga dé ojúgun kí o tó tún tẹ̀lé àwọn ọdẹ yẹn wọgbó.

Ejò ibẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Nílé níbí, ọká là ń bẹ̀rù jù: ó sanra, àwọ̀ rẹ̀ bá ewé gbígbẹ mu, kì í sì í sá fún èèyàn. Sèbé lè tu oró síni lójú. Bó bá ṣẹlẹ̀, omi púpọ̀ ni kí o fi ṣan án, má ra ojú rárá. Ejò tiyín lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń pè ní carpet viper, kéré, a máa fi ara ha ara bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ igi kó tó ṣán èèyàn. Bí o bá gbọ́ ìró yẹn lálẹ́, dúró, tan tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, kí o fẹ̀yìn rìn.

Ihò gan-an lẹ̀rù ń bà mí sí. Òkété á gbẹ́ ẹ, ejò á wọ̀ ọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń fín òkété lọ́nà Èjìnrìn lọ́dún tó kọjá, ó ní òun rí ìrù, ló bá tọwọ́ bọ̀ ọ́. Paramọ́lẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo máa dé, ẹnìkan ti yọ abẹ, ó fẹ́ sín in ní gbẹ́rẹ́. Mo ní kó dá a padà sápò. N kò bú oògùn àwọn bàbá wa, o ṣáà mọ ilé tí wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n oró ejò mìíràn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ojú gbẹ́rẹ́ náà ni yóò máa ṣẹ̀jẹ̀. A ò fi okùn dì í, a ò fi ẹnu fa á. A bọ́ òrùka rẹ̀ kí ọwọ́ tó wú, a fi igi gbá apá náà mú kó má mì, a sì gbé e sáàárín èmi àti ọlọ́kadà.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò kékeré kan, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú 20. Nígbà tó dẹ ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń ṣàn bí omi. Oró ti wọ̀ ọ́ lára nìyẹn. Wọn ò sì ní abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò nílẹ̀! Ibòmíràn la ti lọ rí i. Ìka rẹ̀ kan ò tíì tẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ti padà sídìí iṣẹ́ kápẹ́ńtà.

Ẹ̀yin tiẹ̀ ṣoríire, ọsibítù ìjọba tó wà ní Kàltúngò mọ ìtọ́jú ejò dáadáa. Béèrè bóyá EchiTAb, abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò, wà nílẹ̀ kí ẹ tó jáde. EchiTAb-G, ejò kékeré yín yẹn nìkan ló wà fún. EchiTAb-Plus ká ti paramọ́lẹ̀ àti sèbé mọ́ ọn. Kí ẹ sì ti mọ ẹni tí yóò wa mọ́tò.

Bí ẹ bá pa ejò, má fọwọ́ gbá orí rẹ̀ mú, kódà bí ẹ bá ti gé e. Ó ṣì lè ṣán èèyàn.

Pe ìyá rẹ kó tó di Jímọ̀, wọ́n ní o ò gbé fóònù.

Èmi ni,
Sùlé