Ṣadé, má jẹ́ kí wọ́n gé agbálùmọ̀ Màmá

Ìbàdàn,
Ọjọ́ 8, oṣù Kẹrin, 2025.

Ṣadé ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni Manchester wà? Àwọn ọmọ ńkọ́, bàbá wọn ńkọ́? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbèrò láti kọ̀wé sí ọ, àmọ́ ohun tí mo rí níbi ilé tí ò ń kọ́ sí Mọ́níyà lánàá ò jẹ́ kí n lè dúró mọ́. Ó gùn ju ọ̀rọ̀ orí fóònù lọ.

Wọ́n fẹ́ gé agbálùmọ̀ Màmá. Wọ́n ti fi ẹfun sàmì sí i lára. Bọ̀dá Káyọ̀dé ẹ̀gbọ́n rẹ ní bíríkìlà sọ pé ibẹ̀ ni sókàwéè máa wà, àti pé gbòǹgbò igi náà á la ògiri lọ́jọ́ iwájú. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu wọn, mo wá ní kí wọ́n jẹ́ ká wọn ilẹ̀ ná. Láti ìdí igi dé ara ilé, ẹsẹ̀ bàtà 40 ló wà níbẹ̀, ó tún lé díẹ̀. Kànga Màmá sì nìyẹn nítòsí igi. Ta ló ń gbẹ́ sókàwéè sẹ́bàá kànga? Apá géètì ló yẹ kó wà. Wọ́n mirí, wọn ò dá mi lóhùn.

Gbọ́ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Bíríkìlà kọ́ ló dá a sílẹ̀, aládùúgbò yín onílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà lápá ọ̀tún ni. Nígbà tí agbálùmọ̀ ń pọ́n ní oṣù Kìíní, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń gbé garawa wọlé wá ṣà á, ẹnikẹ́ni ò bá wọn wí. Oṣù Kẹta dé, ewé ń já bọ́ sínú gọ́tà rẹ̀, ló bá di pé igi yẹn ń kó ejò wá. Ó lọ bá Bọ̀dá Káyọ̀dé, ó ní òun á sanwó ẹni tó máa gé e. Inú bí mi débi pé oúnjẹ alẹ́ ò lọ lẹ́nu mi.

Agbálùmọ̀ tó bá hù láti inú kóró lè gbà tó ọdún 7 sí 10 kó tó so. Tí wọ́n bá gé èyí lónìí, èmi àtìwọ á ti lé ní 60 kí òmíràn tó fún wa lẹ́yọ kan. Ẹ̀ka tó nà sórí gọ́tà ọkùnrin yẹn ni kí wọ́n rẹ́. Kí wọ́n rẹ́ ẹ níbi tó ti yọ gan-an, kí wọ́n má fi kùkùté gígùn sílẹ̀ tó máa jẹrà wọ inú igi.

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ lórí igi masquerade tí o fẹ́ kí wọ́n gbìn yí ògiri ká. Ó ga, ó rẹwà, àmọ́ kò léso téèyàn ń jẹ, kò sì ní ibòji tí wàá gbé àga sí. Àwọn ọmọ rẹ bá wálé, kí ni wọ́n á ká? Fúrúùtù náà, mo mọ̀ pé o fẹ́ràn rẹ̀ láti ilé ìwé, àmọ́ tí o bá gbìn ín sẹ́bàá ìńtálọ́ọ̀kì, gbòǹgbò rẹ̀ á hú gbogbo rẹ̀ sókè. Máńgòrò kan ni kí o gbìn, ní igun tó jìnnà sílé, kí ó fi ẹsẹ̀ bàtà 30 jìnnà sí igi mìíràn. Ní NIHORT, ilé ìwádìí tó wà ní Ìdí-Iṣin, ni kí wọ́n ti rà á. Láti 1975 ni wọ́n ti dá ibẹ̀ sílẹ̀ fún ìwádìí èso àti ẹ̀fọ́. Èyí tí wọ́n di ẹ̀ka igi tó ti ń so mọ́ ọmọ igi ni kí wọ́n béèrè, ó lè so láàárín ọdún 3 sí 4. Ọsàn wẹ́wẹ́ kan lẹ́yìn ilé ìdáná. Ìbẹ́pẹ, kí wọ́n gbin mẹ́ta mẹ́ta sójú kan. Èyí tí òdòdó rẹ̀ bá ta okùn gígùn wálẹ̀, akọ ni. Kí wọ́n fa àwọn akọ tu, kí wọ́n ṣẹ́ ẹyọ kan kù nínú gbogbo ọgbà.

Ihò ẹsẹ̀ bàtà 2 ní fífẹ̀, 2 ní jíjìn. Erùpẹ̀ dúdú òkè sọ́tọ̀, pupa ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀. Dúdú yẹn ni kí wọ́n pò mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa, torí tútù rẹ̀ ń jó gbòǹgbò. Kí wọ́n ya náílọ́ọ̀nù kúrò, kí ojú ibi tí wọ́n ti di máńgòrò pọ̀ má wọ inú ilẹ̀, kí wọ́n sì máa já ọ̀mùnú tó bá yọ nísàlẹ̀ ibẹ̀. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, koríko gbígbẹ yí ìdí rẹ̀ ká, kó má kan ara igi, nítorí ìkán.

Títí ti bí ọkùnrin, tọmọ tìyá wà dáadáa. Bàbá Fẹ́mi ti fẹ̀yìn tì, owó wọn ò tíì jáde.

Ṣadé, àwọn ọmọ onílé wa ti ta ilé. Oṣù Kejìlá ni wọ́n ní ká kó jáde. N ò mọ bí màá ṣe fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà ni mo ṣe ń sọ ti igi látàárọ̀. Ọsàn iwájú fèrèsé mi, píà tí mo gbìn nígbà tí mo lóyún Fẹ́mi, gbogbo wọn ló máa kù síbẹ̀, mo sì gbọ́ pé ẹni tó rà á fẹ́ wó gbogbo rẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ó ń dùn mí gan-an.

Ṣùgbọ́n mo ní àwọn ọmọ igi nínú náílọ́ọ̀nù: agbálùmọ̀ tí mo gbin kóró rẹ̀ lára ti Màmá, ọsàn, àti píà. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n gbìn wọ́n sí ẹ̀yìn ilé rẹ. Ilẹ̀ kọ́ ni mo ń tọrọ, ìwọ lo ni èso wọn. Màá máa wá bomi rin wọ́n, màá sì bá ọ gé àfòmọ́ tó ti bo ọsàn Màmá, kó tó pa á. Ó ti gba ẹ̀ka méjì, àti ẹ̀ka náà la ó gé, bí a bá fà á já lásán, á tún hù.

Tí o bá gbà, ìwọ fúnra rẹ ni kí o sọ fún Bọ̀dá Káyọ̀dé, torí bí mo bá lọ bá wọn, wọ́n lè rò pé mo fẹ́ gba ilẹ̀ ìyá wọn. Ibẹ̀ náà ni kí o ti sọ ọ̀rọ̀ sókàwéè. Wọ́n ṣèlérí fún mi pé àwọn ò ní pe onígi títí oṣù yìí á fi parí. Má jẹ́ kó dìgbà yẹn.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Àṣàkẹ́ rẹ.